Ogún àti àfọwọ́kọ́: lẹ́tà sí Àjàní

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù Manchester ńkọ́? Mo rí ìbéèrè rẹ lórí Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, pé kí ló ya àṣẹ getMethods sọ́tọ̀ sí getDeclaredMethods, nígbà tó jẹ́ pé method náà, ìyẹn àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó lórúkọ nínú kóòdù, ni méjèèjì ń kà síta. Inú mi dùn pé o bi mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀, "declared", gba ọjọ́ méjì gbáko lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá.

Mo ní class kan, ìyẹn àpótí tí à ń kó method sí, Akanti lorúkọ rẹ̀. Method siroEle wà nínú rẹ̀, protected ni, ìyẹn ni pé ọmọ tó jogún class náà lè lò ó, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ayé. AkantiIfowopamo wá jogún Akanti. Mo fi reflection, ọ̀nà tí kóòdù fi ń wo inú ara rẹ̀, bi AkantiIfowopamo pé kó ka àwọn method rẹ̀ fún mi. getMethods ka tiẹ̀, siroEle ò sí níbẹ̀. getDeclaredMethods ka tiẹ̀, kò sí níbẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ èlé ń jáde bó ṣe yẹ! Mo tún kóòdù náà kọ lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó wà náà ló wà.

Láti Java 1.1, ní 1997, ni wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ yìí, orúkọ náà sì rò wọ́n gan-an. Declared ni ohun tí wọ́n kọ sínú class yẹn fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe private. Ogún ò sí níbẹ̀. Ilé tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nìyẹn, títí kan yàrá tó tì pa. getMethods ní tirẹ̀ ń ka ti baba mọ́ ti ọmọ, àmọ́ public nìkan, ìyẹn ilé tó kọjú sí títì. siroEle jẹ́ ogún, kò sì kọjú sí títì. Àárín méjèèjì ló bọ́ sí. Ìgbà tí mo fi getSuperclass gòkè lọ bá Akanti, tí mo sì bi òun ní getDeclaredMethods, ló tó yọjú.

Bí ọmọ bá wó ilé baba, tó tún un kọ́ sórí ilẹ̀ kan náà, override nìyẹn: ọmọ tún method baba kọ lọ́nà tirẹ̀. Ó ti di declared tirẹ̀. Jọ̀ọ́, má pè é ní overload mọ́. Overload, ìyẹn method púpọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, dà bí igba, igbá àti ìgbà: lẹ́tà kan náà, àmì ohùn ló yà wọ́n. Parameter, ìyẹn ohun tí à ń kó fún method kó fi ṣiṣẹ́, ni àmì ohùn tàwọn method. Return type, ìyẹn irú ohun tí method ń dá padà, ò sí lára signature, ìyẹn orúkọ àti parameter tí a fi ń dá method mọ̀, ní Java, òun nìkan ò lè yà wọ́n.

Dán an wò lórí kóòdù rẹ lálẹ́ yìí, kó o fi ohun tó bá kà síta ránṣẹ́ sí mi. Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ