Kúnlé, bí sáfà yẹn kò bá dáhùn ńkọ́?

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara mi le, iṣẹ́ náà sì ń lọ. Ìlà méjì péré lo fi kí mi kí o tó da wàhálà backend rẹ lé mi lórí, nítorí náà èmi náà kò ní fa ìkíni gùn.

O ní ẹ ti pín iṣẹ́ náà sí sáfà mẹ́ta tó ń fi RPC, ìyẹn pípe function tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, bára wọn sọ̀rọ̀: ọ̀kan ń gba order, ọ̀kan ń mójú tó ọjà tó wà nílẹ̀, ọ̀kan ń gba owó. O tún ní kóòdù yín mọ́ nísinsìnyí, torí pé bí ẹni ń pe function inú fáìlì kan náà ló rí. Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti fura. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá irú ìrọ̀rùn yẹn. Ní 1984, Andrew Birrell àti Bruce Nelson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Xerox PARC, kọ̀wé lórí bí stub, kóòdù kékeré tó ń ṣojú function òkèèrè, ṣe lè di ohun tí a fún function, kó fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn, kó dúró de èsì, kó sì tú u fún ẹni tó pè é, bí ẹni pé ọ̀nà kankan kò sí láàárín wọn. Nígbà tó di 1994, Jim Waldo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems kọ̀wé pé kí a yéé díbọ́n pé ọgbọọgba ni ìpè nítòsí àti ìpè lókèèrè. Ẹ̀yìn Waldo ni mo wà.

Function tó wà nítòsí á dá èsì padà tàbí kó ju error. Èyí tó wà lókèèrè lè ṣe ìkẹta: ó lè dákẹ́. Ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kò tíì dé, ta ló mọ̀ bóyá kò tíì débẹ̀, àbí ó ti jẹ́ iṣẹ́ náà tán, ó ń bọ̀ lọ́nà? Bí `charge`, function tó ń gba owó, bá dákẹ́, owó lè ti kúrò lápò oníbàárà, kó jẹ́ èsì ló sọnù. Bí o bá ka timeout (àkókò ìdúró tó tán) sí pé kò lọ, tí o sì tún un pè, o ti gba owó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Ọ̀nà àbáyọ nìyí: ẹni tó ń pè ni kó ṣe key, àmì ìdánimọ̀ fún iṣẹ́ kan náà; UUID lásán (àmì gígùn tí kọ̀ǹpútà ń ṣe kó má bàa bá òmíràn dọ́gba) ti tó, kó sì kọ ọ́ sínú dátábéèsì tirẹ̀ pẹ̀lú order náà kó tó pe ẹnikẹ́ni. Key yẹn kan náà ni yóò máa gbé lọ, iye ìgbà yòówù kó tún pè. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń gba owó, fi unique constraint (òfin dátábéèsì tí kì í gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì) sórí key náà. Bó bá ti wà tẹ́lẹ̀ tí èsì sì ti wà, èsì àtijọ́ ni kó dá padà, kó má fọwọ́ kan owó mọ́. Bí key kan náà bá dé pẹ̀lú iye owó mìíràn, kó kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ bí òun náà bá ń pe ilé-iṣẹ́ káàdì, transaction rẹ (iṣẹ́ dátábéèsì tó ń wọlé pọ̀ tàbí kó kùnà pọ̀) kò dé ọ̀dọ̀ wọn o. Kó kọ́kọ́ kọ key sílẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kó sì fi key náà ránṣẹ́ sí wọn bí wọ́n bá ń gbà á. Mo ti rí kóòdù àwọn ènìyàn tó ń ṣe UUID tuntun nínú lúùpù retry (títún pè). Òfìfo ni ìyẹn, wọn ò tíì dáàbò bo nǹkan kan.

Ní ti gRPC, irinṣẹ́ RPC tí o bi mí: kì í fi deadline (àkókò tí ìpè gbọ́dọ̀ parí) sí i fúnra rẹ̀. Bí o kò bá fi sí i, client (ẹni tó ń pè) lè dúró títí. Kí deadline náà sì máa ṣàn lọ sísàlẹ̀: bí àkókò tó kù fún order bá jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kí ló dé tí ẹni tó ń wo ọjà yóò ní odindi méjì? Ní èdè Go, ctx tó wọlé, ohun tó ń gbé deadline kiri, ni kí o gbé lọ. Bí mo bá rí `context.Background()`, tí kò ní deadline kankan, láàárín handler (function tó ń dáhùn ìpè), ọkàn mi kì í balẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni kí retry wà. Bí ìpele mẹ́ta bá ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta, ìpè 27 ló lè já lu sáfà ìsàlẹ̀ fún ìbéèrè kan, nígbà tí ara rẹ̀ kò yá gan-an. Error UNAVAILABLE (sáfà kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó) ṣeé tún pè, kí o máa fẹ àlàfo àárín ìpè lójú, kí o sì da iye rẹ̀ rú díẹ̀ kí gbogbo client má bàa padà dé lẹ́ẹ̀kan náà. INVALID_ARGUMENT (ohun tí a fi ránṣẹ́ kò tọ́) kò ní yí padà bí o pè é títí di alẹ́.

JSON-RPC, RPC tó ń fi ọ̀rọ̀ JSON ránṣẹ́, fún browser kò burú. Ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ kí error bíi -32602 (ohun tí a fi ránṣẹ́ kò tọ́) wà nínú HTTP 200 (èsì pé ó dára), nítorí náà ẹ̀rọ tó ń ka 500 (àṣìṣe sáfà) nìkan á máa sọ fún yín pé àlàáfíà ni. Ìbéèrè tí kò ní id kì í gba èsì. Batch (ìbéèrè púpọ̀ nínú ìfiránṣẹ́ kan) sì lè dá èsì padà láìtẹ̀lé ètò, id ni kí ẹ fi so wọ́n pọ̀.

Fi handler `charge` yẹn ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ibi tí ẹ ti ń pè é. Tún sọ ìpele tó ń ṣe retry báyìí fún mi, torí lẹ́tà rẹ kò sọ ọ́. Bá mi kí àwọn ará ilé.

Èmi ni,
Ṣẹ́gun