Ganí, bẹ́líìtì inú Honda Civic ẹ yẹn

Ganí ọ̀rẹ́ mi,

Àsàlámù aléékúmù o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, Alhamdulillahi. Òjò ti dé sí Ìlọrin, ẹsẹ̀ ò ṣeé gbé ní Gàá Akanbí, Ìyá Sàídù ti kó kúrò ní Ìpàta lọ bá ọmọ ẹ̀ l'Ọ́fà, ọ̀gá wa sì ní kí n kí ẹ, "Bóòtù Mẹ́tàlá" ló ṣì ń pè ẹ́ o, mi ò rò pé ó máa gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn láyé.

Mo ti wo fídíò tó o fi ránṣẹ́ títí. Ẹ́ńjìnnì yẹn ń dún dáadáa, o sì gba kọ́nà yẹn wọlé bó ṣe yẹ, mo fi han àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù, ariwo ni gbogbo wọn ń pa. Àmọ́ ibi tí kámẹ́rà ti yí sẹ́yìn lórí ẹ lọ́kàn mi ti dúró. Mo dá a dúró, mo fi ìka fẹ̀ ẹ́. Harness tó o dè, bẹ́líìtì ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ táwọn tó ń sáré mọ́tò máa ń lò yẹn, bẹ́líìtì èjìká ẹ̀ gba ẹ̀yìn síìtì sọ̀kalẹ̀, ó lọ di mọ́ ilẹ̀ mọ́tò. Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lo ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ẹ, ṣùgbọ́n ìwọ lo jókòó sínú ẹ̀ báyìí.

Wò ó, tí mọ́tò bá gbá nǹkan níwájú, ara ẹ á fẹ́ máa lọ, bẹ́líìtì ló máa dá a dúró. Torí pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n so tìẹ mọ́, ìsàlẹ̀ náà ló máa fa èjìká ẹ lọ, gbogbo agbára yẹn á wá tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ mọ́lẹ̀. Eegun ẹ̀yìn ò gba irú ẹ̀. Ìwé òfin FIA, àjọ tó ń darí eré ìje mọ́tò lágbàáyé, ní bẹ́líìtì èjìká ò gbọdọ̀ dà wálẹ̀ ju 45 dígíìrì lọ, pé ó dáa kó má ju 10 lọ pàápàá, ẹni tó bá wọ HANS náà (ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, tó ń di àṣíborí mú kí orí má fò síwájú) ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá 20. Tìẹ yẹn lójú tèmi ti kọjá 60. Ẹ̀yìn tààrà ló yẹ kó lọ, sára irin tó dúró gbọin.

Irin yẹn gan-an ni mi ò rí níbẹ̀. Kò sí rólù-bá, irin tó ń gbé òrùlé dúró tí mọ́tò bá yí, nínú mọ́tò yẹn, àbí? Tó bá lọ yí gbirigbiri, bẹ́líìtì tí Honda fi gbé e jáde á ṣì gbà ẹ́ láyè láti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n harness yìí á dè ẹ́ dúró ṣánṣán, orí ẹ ni òrùlé á wá bá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé síìtì tó ní ihò bẹ́líìtì, harness àti rólù-bá, tí wọn ò bá pé, kí wọ́n má wọlé rárá.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni harness yẹn ní pẹ̀lú, mo kà á. Èyí tó máa ń gba àárín itan ò sí. Tó o bá ti fa tèjìká le, bọ́kùlù á gòkè kúrò lórí eegun ìbàdí, á wá jókòó sórí ikùn, ní ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ara ẹ á yọ́ gba abẹ́ ẹ̀ lọ, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló máa gba bẹ́líìtì yẹn. Lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ náà, mo rí "Not valid after" níbẹ̀ àmọ́ ọdún ẹ̀ ti ṣá. Oòrùn máa ń jẹ okùn yẹn o, èyí tó bá sì ti wà nínú jàǹbá rí ti fà, wọn kì í tún un lò. Tòkúnbọ̀ dáa fún ọ̀pọ̀ nǹkan, kò dáa fún èyí.

Ṣé o rántí bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ Dale Earnhardt ní ṣọ́ọ̀bù, awakọ̀ eré ìje ará Amẹ́ríkà tó kú lórí ìje? February 18, 2001, ìyípo tó kẹ́yìn ní Daytona. Ìsàlẹ̀ agbárí ẹ̀ ló ya, kò wọ HANS, bẹ́ẹ̀ Bob Hubbard tó dá a sílẹ̀ ti ṣe é láti àwọn ọdún 1980. Kí ọdún 2001 tó parí NASCAR, àwọn tó ń ṣètò ìje yẹn, ti sọ ọ́ di dandan kí awakọ̀ wọ HANS tàbí irú ẹ̀ mìíràn tó ń dáàbò bo orí àti ọrùn, Formula 1 sì sọ HANS di dandan ní 2003. Bí wọ́n bá ṣe de èjìká mọ́ síìtì pinpin tó, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn nìkan máa dá gbé orí, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ganí, ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé gan-an: Mùtíù pè mí lálẹ́ àná, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní o ti ṣèlérí pé lẹ́yìn Iléyá òun máa jókòó ti ẹ́ lórí track, pápá ìsáré mọ́tò. Mo bẹ̀ ẹ́, má gbé e. Síìtì ẹ̀gbẹ́ ẹ yẹn, harness kan náà ló wà níbẹ̀. Ìyá wa ò tíì bọ́ nínú ọ̀rọ̀ Wàídì, ìwọ náà mọ̀, ìwọ lo dì í mú lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ fún un pé Mùtíù ń bọ̀ wá jókòó sínú mọ́tò kankan.

Mi ò ní kó o má lọ mọ́. Dá síìtì àti bẹ́líìtì tí Honda gbé e wá padà sí i, méjèèjì, wọ àṣíborí ẹ, máa rọra gbádùn ara ẹ. Tówó bá dé kó o wá rólù-bá tó ṣeé de bẹ́líìtì mọ́, harness tuntun tẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, àti HANS. Ibi tí wọ́n bá ti lu ihò sílẹ̀ mọ́tò, kí wọ́n fi páànù irin tó nípọn tó 3 mm tì í lábẹ́, kó fẹ̀ tó 40 cm², bóòtù síìtì ò sì gbọdọ̀ kéré sí M8. Wọ abẹ́ ẹ̀ fúnra ẹ, ya fọ́tò, fi ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ rí orí bóòtù kọ̀ọ̀kan.

Pe Mùtíù kó tó pè ẹ́, torí ó ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó má wọ̀ ọ́, kó bínú sí mi.

Èmi ni,
Ràṣídì