Nípa Ipò Kẹsàn-án Ọmọ Rẹ

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara gbogbo yín le. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti ní ọmọ rẹ já láti ipò kejì sí ipò kẹsàn-án, tí o sì fẹ́ wá olùkọ́ kẹta kún àwọn méjì tó ń kọ́ ọ nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Jẹ́ kí n sọ tinú mi.

Kí ni ipò kẹsàn-án sọ fún ọ gan-an? Pé ọmọ mẹ́jọ gba máàkì jù ú lọ, ó tán. Kò sọ bóyá ó ti mọ ìṣirò tó ń dà á láàmú lọ́dún tó kọjá, tàbí bóyá ó lè ka ìtàn kan kó sì rò ó fún ẹni tí kò kà á. Bí àwọn yòókù bá tẹra mọ́ṣẹ́, ọmọ rẹ lè mọ̀wé sí i kí ipò rẹ̀ sì tún lọ sílẹ̀. Singapore, níbi tí wọn kì í fi ìdánwò ṣeré rárá, ti yọ ipò ọmọ nínú kíláàsì kúrò lára ìwé èsì láti ọdún 2019.

Ọ̀rọ̀ owó tí o ń fún un lórí máàkì tún kọ mí lóminú. Lọ́dún 1973, Mark Lepper, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn kan pé bí wọ́n bá yàwòrán, wọ́n á gbà á. Àwọn kan kàn ṣàdédé rí i gbà lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán. Àwọn tó kù kò gba nǹkan kan. Nígbà tó yá, tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún ni kò fi bẹ́ẹ̀ yíjú sí àwòrán mọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìgbádùn ti di iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nítorí ẹ̀bùn. Ọmọ rẹ tó máa ń da ìbéèrè bolẹ̀ nípa èèrà àti òṣùpá ńkọ́, ṣé ó ṣì ń béèrè? O kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí.

Àti oorun! Àwọn onímọ̀ nípa oorun ní ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́, nítorí ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kọ́ lójúmọmọ pa mọ́. Ní Seoul, olú ìlú South Korea, òfin ni wọ́n fi dá àwọn ilé ẹ̀kọ́ àdáni dúró kí wọ́n má kọ́ ọmọ kọjá aago mẹ́wàá alẹ́. Rò ó wò ná: òfin ìjọba ló ń lé ọmọ lọ sùn.

Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ẹni tí kò níwèé ẹ̀rí ń jìyà ẹ̀ lóòótọ́, ìdánwò kan sì lè dínà mọ́ èèyàn fún ọdún gbọọrọ. O tún pa á lówe pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà kò ní ọmọ tí kò gba ipò kìíní ni yóò tà á. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1989 lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé pàápàá sọ ọ́ ní abala 29 pé ẹ̀kọ́ wà kí ìwà, ẹ̀bùn àti làákàyè ọmọ lè dàgbà dé ibi tó bá lè dé. Abala 31 sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti sinmi àti láti ṣeré.

Jọ̀wọ́, dá olùkọ́ kẹta yẹn dúró ná. Lọ bá olùkọ́ kíláàsì rẹ̀, kí o bi í ní ohun tí kò yé ọmọ náà gan-an, má béèrè ipò. Lẹ́yìn náà, bi ọmọ fúnra rẹ̀, nínú àwọn méjì tó ń kọ́ ọ nílé, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yé e. Bí o bá fẹ́ bú mi, fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà tó ń bọ̀. Mo ń retí rẹ̀. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́