Dèjì, èsì ọ̀rọ̀ Ṣóyínká tí o bi mí

Ìrè-Èkìtì

Dèjì ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Kánádà? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ara wọn le, wọ́n ṣì ń lọ sọ́jà fúnra wọn.

O bi mí pé báwo ni èmi tí mo ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń gbè sẹ́yìn Wọlé Ṣóyínká. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ Ṣóyínká dàgbà. Ọ̀gá ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀ ní Aké. Ó mọ Bíbélì, kò kàn ṣe ẹ̀sìn náà mọ́ ni. Ògún Onírè tiwa yìí ló fi ṣe alábàárìn nínú ìwé kíkọ, síbẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni wá bọ ọ́. Ẹni tó ń bá jà jù lọ ni ẹni tó sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá Ọlọ́run.

Wo Mubarak Bala, tó ní òun ò gbà pé Ọlọ́run wà. Nítorí ohun tó kọ sórí Facebook, wọ́n mú un ní 2020, ilé ẹjọ́ ní Kánò sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 24 ní 2022. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló wá dín in kù sí ọdún 5. Ṣóyínká kọ̀wé sí i nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ní àtìmọ́lé. Bala ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, Dèjì. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa Deborah Samuel, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn kàn ní Sókótó, orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n ń pè bí wọ́n ṣe ń pa á!

Má sì rò pé Òkè Ọya nìkan ni. O mọ ilé wa: ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń bọ Ògún, àbúrò wọn jẹ́ áàfáà. Lọ́jọ́ ọdún Ògún, ìyá àgbà máa ń bu iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti áàfáà sọ́tọ̀, nítorí ajá tó wà nínú ìkòkò kejì. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ilé wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí òkè àdúrà dé gbé odindi ọpọ́n iyán, ó dà á sórí ààtàn, ó ní oúnjẹ òrìṣà ni. Ìyá tó gún un láti ìdájí kàn ń wò ó. Áàfáà gan-an ló bá ọmọ náà wí, tó ń gbọ̀n fún ìbínú.

Agbawèrèmẹ́sìn ni mo ń bẹ̀rù, kì í ṣe ẹni tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ yín tó ní Ṣóyínká ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́, bá mi bi í léèrè ohun tí ì bá ṣe fún ọmọ yẹn, kí o sì kọ èsì rẹ̀ sí mi.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣẹ́gun