Àlàní, Gbé Kọ́kọ́rọ́ Kọ́ Ná

Àlàní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òfì ń lọ, oòrùn Ìṣẹ́yìn sì ń ta bó ti máa ń ta lásìkò yìí. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n má gbàgbé láti bi ọ́ bóyá o ti tún bírékì ẹ̀yìn yẹn ṣe.

Nígbà tí o wá ṣọdún Iléyá, o bi mí ní ìbéèrè kan tí mo fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. A jókòó síwájú ilé, àwọn àbúrò mi wà níbẹ̀, o ní, "Bàbá, nígbà tí ẹ̀yin ń gun ọ̀kadà, kí lẹ máa ń mu tí ẹ bá ṣíwọ́?" Mo ní omi ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìyá rẹ ń bá ọ fọ jákẹ́ẹ̀tì tí o fi ń gun máṣíìnì, ó rí òfìfo ọ̀rá ọtí mẹ́ta nínú àpò rẹ̀ lápá òsì. Kò bá ọ sọ ọ́. Ó kó wọn wá bá mi nídìí òfì, ó tò wọ́n sórí aṣọ tí mò ń hun lọ́wọ́, ó sì padà sídìí ìfọṣọ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni lẹ́tà yìí ti wà lọ́kàn mi. Mi ò kọ ọ́ láti bá ọ jà. Ìbéèrè tí o bi mí ni mo fẹ́ dáhùn, torí pé ó yẹ kí n ti dáhùn ẹ̀ níṣojú àwọn tó rẹ́rìn-ín.

O rántí àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun mi lọ́tùn-ún? Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń fi ìka tọ ọ́, wàá ní, "Bàbá, kí ló ṣe yín?" Mo máa ń sọ fún ọ pé sàlẹ́ńsà ló jó mi. Òótọ́ ni, sàlẹ́ńsà ló jó mi. Ohun tí mi ò sọ fún ọ ni bó ṣe débẹ̀.

Ọdún 2009 ni, nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru máa ń mú jù. Láti àárọ̀ kùtù ni mo ti ń ná ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Adó-Àwáyè. Ọjọ́ ọjà ni, èrò pọ̀, àwọn àlejò tó fẹ́ gun òkè lọ wo adágún Ìyàkẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Owó ń wọlé, mi ò fẹ́ dúró jẹun. Omi tí mo mu láti àárọ̀ kò tó ife kan. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo yà sídìí obìnrin kan tó ń ta paraga lábẹ́ igi nítòsí gáráàjì. Egbò àti èèpo igi ló kún inú àwọn ìgò rẹ̀, ọgógóró ló fi rẹ wọ́n. Ẹ̀yìn ń ro mí, ọwọ́ mi méjèèjì ṣì ń gbọ̀n bí ẹni pé mo ṣì di hándù mú. Mo ní kó bù ú fún mi. Ó bù ú. Mo ní kó tún un bù. Àlàní, ẹ̀yìn ríro náà lọ lójú ẹsẹ̀. Ara mi fúyẹ́. Mo gun máṣíìnì, mo kọrí sílé.

O mọ̀ pé àwọn ará wa máa ń sá lafún sí etí ọ̀dà. Obìnrin kan ń kó tiẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí mo ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Mo rí iná tọ́ọ̀ṣì náà. Mo rí i dáadáa. Mo kàn rò pé ó ṣì jìnnà ni. Táyà wọ inú lafún, máṣíìnì yọ̀ lábẹ́ mi, èmi àti ẹ̀ jọ ṣubú, sàlẹ́ńsà sì dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ yẹn dúró síbi tí ọwọ́ mi lè tó o. Tọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lafún ti kun ojú rẹ̀ funfun dé ìpéǹpéjú. Kò sunkún, ó kàn ń wò mí. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó kàn ń fọwọ́ kàn án lára, lórí, láyà, lẹ́sẹ̀, bí ẹni ń ka owó tí kò fẹ́ kó dín. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ìwọ nígbà náà, ọmọ yẹn kò sì ga jù ọ́ lọ.

Èmi kò tún mu ọtí kankan kí n tó gun máṣíìnì láti alẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó yá, mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ti ẹ̀sìn, Àlùfáà ti bá ọ sọ ọ́ tó, mi ò ní tún un sọ. Ohun tí ọ̀nà kọ́ mi nìkan ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tí mo ṣì mú lọ́jọ́ náà ni pé mo rò pé ọtí ni ara mi ń béèrè. Omi ló ń béèrè. Atẹ́gùn orí máṣíìnì kì í jẹ́ kí ọlọ́kadà mọ̀ pé òun ń làágùn. Bí òógùn bá ti ń yọ ni atẹ́gùn ń gbé e lọ, ìwọ á máa rò pé ara ń tù ọ́, bẹ́ẹ̀ ni omi inú ara rẹ ń tán lọ. Àwa ọlọ́kadà kì í sì í fẹ́ mu omi lójú iṣẹ́, torí pé èrò ń dúró, a ò fẹ́ máa wá ibi tí a ó tọ̀ sí. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, orí á máa fọ́ ọ, ẹnu á gbẹ, inú á máa bí ọ sí ẹni tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, ìtọ̀ rẹ á sì dúdú bí omi tíì. Bí o bá wá da ọtí sórí irú ara bẹ́ẹ̀, ńṣe lo tún ń gbẹ́ kànga tó ti gbẹ, torí pé ọtí máa ń mú kéèyàn tọ̀ ju ohun tó mu lọ.

Nítorí náà, nígbà tí o bá wọlé, kó o tó bọ́ bàtà, mu píọ̀wọ́tà kan tán. Má gbé e mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mu ún díẹ̀díẹ̀. Lọ wẹ̀. Tí o bá wẹ̀ tán, mu ìkejì. Jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó bi ara rẹ léèrè pé kí ni ọkàn rẹ fẹ́. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, ní ọjọ́ tó pọ̀, o ò ní fẹ́ nǹkan kan mọ́ àyàfi orí ẹní.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí omi lásán kò ní tó, àwọn ọjọ́ tí wàá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí wàá rí iyọ̀ tó funfun lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni fi ẹfun ya ilà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣe omi iyọ̀ òun ṣúgà tí ìyá rẹ máa ń fún yín nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe yín. Píọ̀wọ́tà méjì, èyí tó jẹ́ lítà kan, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tó pẹrẹsẹ, àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Má jẹ́ kí iyọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí o tó sùn, orí fífọ́ yẹn á ti lọ.

Wàyí o, ti ìgbádùn. Mi ò sọ pé kó o máa gbé bí ẹni ń gbààwẹ̀. Ẹni tó ti jẹ eruku láti aago mẹ́fà àárọ̀ yẹ lẹ́ni tó ń jókòó gbádùn nǹkan tútù. Zobo ọwọ́ ìyá rẹ ni mo fẹ́ràn jù, o sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìṣápá pupa ni zobo, ẹbí kan náà ni òun àti ìṣápá tí wọ́n ń fi ẹ̀gúsí sè. Ṣan án kí iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, sè é pẹ̀lú atalẹ̀ tí o gún, èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tí o fọ̀ dáadáa, àti kànáfùrù bíi mélòó kan. Bó bá tutù, sẹ́ ẹ. Ìyá rẹ kì í da ṣúgà sí i, ọ̀pẹ̀yìnbó ló fi ń dùn. Atalẹ̀ yẹn á ta ọ́ lọ́fun díẹ̀, bí ọgógóró ti máa ń ta èèyàn lọ́fun. Bóyá ìtani yẹn ni ìwọ náà ń wá tí o kò mọ̀. Èmi ni mo mọ̀ pé òun ni mò ń wá.

Kúnú náà dára, ṣùgbọ́n ra èyí tí wọ́n ṣe láàárọ̀, torí pé tètè ló máa ń kan nínú ooru. Fùrá á yó ọ bí oúnjẹ. Mọ́ọ̀tì náà wà. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n gbé Maltina jáde ní 1976, àlejò pàtàkì àti aláìsàn ni wọ́n máa ń rà á fún nílé wa. Ìgò kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú, ṣùgbọ́n ṣúgà inú ẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ohun tí o ó fi pa òùngbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mínírà.

Énájì dírínkì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń mu lọ́sàn-án kí oorun má baà kùn wọ́n, má gbé e wálé lálẹ́. Ohun tó wà nínú obì ló wà nínú rẹ̀. Tí o bá mu ún ní aago méje alẹ́, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ lọ́gànjọ́. O ò ní sùn dáadáa, lọ́jọ́ kejì wàá tún nílò òmíràn. Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ ọtí ló burú jù, torí pé ó ń la ojú ọ̀mùtí, ó wá ń rò pé òun kò yó.

Tó bá jẹ́ pé bíà ni ọkàn rẹ fẹ́ ní Sátidé kan lẹ́yìn tí o ti san owó máṣíìnì tọ̀sẹ̀ náà, mi ò ní sọ pé inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Gbé máṣíìnì wọlé, gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára ìṣó ná. Jẹun. Mu ọ̀kan, kó o sì mu ún sílé. Ìgò ńlá tí wọ́n kọ 60cl sí lára máa ń gbà tó wákàtí mẹ́ta kó tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kì í kánjú. Ìwẹ̀ kò lè yá a lára, kọfí kò lè yá a lára, omi tútù tí wọ́n ń bù sójú náà kò lè ṣe é. Òfin ọ̀nà orílẹ̀-èdè wa kò gbà kí ọtí ju 50 mílígíráàmù lọ nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń wa ọkọ̀, ìgò ńlá kan péré sì lè gbé èèyàn débẹ̀ tí inú rẹ̀ bá ṣófo. Tí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ lẹ́yìn tí o ti ṣí ìgò pé kó o wá gbé òun, kódà bó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, kódà bí owó ẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, sọ fún un pé o ti ṣíwọ́.

Ẹmu náà ní tiẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé sọ̀ láàárọ̀ dùn bí oyin, ṣùgbọ́n títí ìrọ̀lẹ́ tí o máa rà á, ó ti ń hó, ó ti le. Má jẹ́ kí wọ́n fi "ẹmu lásán ni" tàn ọ́.

Ní ti ọgógóró àti paraga, Àlàní, mò ń bẹ̀ ọ́. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn mu ọgógóró, orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, àwọn mìíràn sì fọ́jú pátápátá kí wọ́n tó kú. Láàárín ọjọ́ kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, wọ́n lé ní 15. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń jà. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, methanol ni wọ́n rí, irú ọtí olóró kan tí ojú kò lè dá mọ̀, tí imú àti ahọ́n náà kò lè dá mọ̀. Ẹni tó bù ú fún ọ nídìí igi náà kò mọ̀. Ti ẹ̀yìn ríro tó ń mú lọ, kò mú un lọ, ó fi aṣọ bò ó ni. Ẹ̀yìn rẹ ń sọ fún ọ pé wákàtí tí o lò lórí ìjókòó yẹn ti pọ̀ jù. Sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, rìn káàkiri díẹ̀, na ẹ̀yìn sílẹ̀. Tí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lọ sí ọsibítù, n ó fi owó ránṣẹ́.

Mi ò tíì ju ọ̀rá ọtí mẹ́ta yẹn nù. Wọ́n wà nínú àpótí òwú mi. Tí o bá wálé, a ó jọ sun wọ́n.

Ìyá rẹ ti di ìṣápá pupa gbígbẹ sínú ọ̀rá fún ọ, atalẹ̀ àti kànáfùrù wà nínú ẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tún rọ èyí tó ti sè sínú kẹ́ẹ̀gì kan. Dírẹ́bà tó ń ná Ìṣẹ́yìn sí Mọ́níyà yóò gbé e sílẹ̀ fún ọ ní gáráàjì ní Jímọ̀ kí ó tó di aago méjìlá. Mu èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ náà gan-an, kó má baà kan. Kẹ́ẹ̀gì náà kì í ṣe tiwa, ti ìyá aládùúgbò ni, fún dírẹ́bà padà bó bá ń bọ̀ nílé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Ìṣẹ́yìn.