Ìwé Àwọn Ará Áyálándì Kò Jóná Tán

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ kiri láàrin àwa Yorùbá tó wà ní Àbújá àti káàkiri òkè Ọya pé ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ tàbí ìyá àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ará Áyálándì kò lè rí orírun rẹ̀ wá mọ́, torí pé gbogbo ìwé ìlú náà ti jóná. Àwọn ejẹ́ǹtì kan ló ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, wọ́n á wá gba owó gọbọi lọ́wọ́ ènìyàn láti bá a wá ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Inú wa kò dùn sí i, ìdí nìyí tí a fi kọ lẹ́tà yìí.

Òótọ́ ni pé iná ṣẹ́ lóṣù June 1922, nígbà ogun abẹ́lé wọn. Ilé tí ìjọba ń kó ìwé pamọ́ sí ní Four Courts ní Dublin jóná, ìwé ìkànìyàn 1821 títí dé 1851 sì bá a lọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ti 1861 àti 1871, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pa á run; ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ ọ́ láti fi ṣe bébà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Àmọ́ ti 1901 àti ti 1911 wà digbí lórí ìkànnì National Archives ti Áyálándì, ẹnikẹ́ni lè wò ó láìsan kọ́bọ̀. Ìwé ìsàmì ìjọ Àgùdà ńkọ́? Ọwọ́ àwọn fadá ní páríìṣì ni wọ́n wà nígbà náà, kì í ṣe ní Four Courts. Ìjọ Áńgílíkà ni iná yẹn ṣe lọ́ṣẹ́ jù.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé wọ́n á kàn ṣí ìkànnì, wọ́n á tẹ Patrick Murphy, ogunlọ́gọ̀ Patrick Murphy á sì dà bò wọ́n. Ẹ má ti Áyálándì bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹni náà gúnlẹ̀ sí lẹ́yìn tó kúrò nílé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, ọdún tí wọ́n bí i, àti orúkọ townland (ìpín ilẹ̀ tó kéré jù lọ níbẹ̀) tàbí páríìṣì rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní ọmọ Ìbàdàn lòun, ṣebí a ó bi í pé agboolé wo? Bí townland ṣe rí fún wọn nìyẹn. Ó lé ní 60,000 lórí erékùṣù náà, ọ̀pọ̀ ló sì ń jẹ́ orúkọ kan náà, torí náà ẹ máa kọ orúkọ káúńtì tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ wá ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà níbẹ̀, àti ìwé tó fi di ọmọ Amẹ́ríkà. Èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn 1906 máa ń sọ ibi tí wọ́n ti bí i. Ìwé ìròyìn Boston Pilot náà gbé ìkéde àwọn tó ń wá ẹbí wọn jáde láti 1831 dé 1921, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dárúkọ páríìṣì. Ní Ọsirélíà, ìwé ẹ̀rí ikú lẹ máa wá, torí ó sábà máa ń dárúkọ òbí olóògbé. Ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò wúlò tó bẹ́ẹ̀: "Ireland" nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ. Àwọn tó wá síbí láti ṣiṣẹ́ reluwé tàbí láti wa kùsà ní Jos, ẹ wá wọn nínú orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi tó kúrò ní èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1890 sí 1960, pàápàá Liverpool. Ó wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, ìkànnì tó ń gba owó ló sì gbé e síta. Ẹ má gbàgbé ìwé ìgbéyàwó wọn níhìn-ín, torí ó sábà máa ń ní orúkọ bàbá ọkọ nínú.

Tí ẹ bá ti rí orúkọ káúńtì àti ti òbí, ẹ wá lọ sí ìkànìyàn 1911. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé sí dáadáa: ọdún tó ti wà nílé ọkọ, iye ọmọ tó bí, àti iye tó ṣì wà láàyè. Bí ó bá bí 11, tí 9 wà láàyè, tó sì jẹ́ pé 3 péré ni wọ́n kà nínú ilé, ẹ ti mọ̀ pé 6 wà níbòmíràn, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ ń wá wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ọjọ́ orí. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní 55 lọ́dún 1901 lè di 70 lọ́dún 1911, torí January 1909 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó bá pé 70 lówó àgbà. Àwọn arúgbó yẹn kò ní ìwé ẹ̀rí ìbí, wọ́n wá ní kí ìjọba bá àwọn wo ìkànìyàn 1841 àti 1851. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n kọ nígbà náà kò jóná, ó sì ní orúkọ òbí wọn àti townland nínú. Ìṣúra gidi ni, àwọn ènìyàn kì í sì í rántí rẹ̀.

Láti January 1864 ni ìjọba ti ń kọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó gbogbo ènìyàn sílẹ̀ (ìgbéyàwó àwọn tí kì í ṣe Àgùdà ti bẹ̀rẹ̀ láti April 1845). Àwòrán ìwé náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí irishgenealogy.ie: ìbí tó ti lé ní ọdún 100, ìgbéyàwó tó ti lé ní 75, ikú tó ti lé ní 50. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti sàmì fún ọmọ kí wọ́n tó bí i, ẹ má ṣe sọ pé ẹlòmíràn ni. Òbí tó pẹ́ kó tó lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ máa ń sún ọjọ́ ìbí síwájú kí wọ́n má bàa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí fadá kọ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Fún ohun tó ṣáájú 1864, ẹ lọ sí registers.nli.ie. Ìwé ìsàmì àti ìgbéyàwó ìjọ Àgùdà wà níbẹ̀ títí dé nǹkan bíi 1880. Kò sí ibi tí ẹ máa tẹ orúkọ ènìyàn sí; páríìṣì lẹ máa yàn lórí máàpù, kí ẹ wá máa ṣí i lóṣooṣù. Èdè Látìn ni ọ̀pọ̀ fadá fi kọ ọ́: Gulielmus ni William, Jacobus ni James, Brigida ni Bridget. Orúkọ ìdílé tí ìyá ọmọ ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ máa ń wà níbẹ̀, àti ti bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ ẹbí. Ẹ ka gbogbo ọmọ tí tọkọtaya náà bí, kì í ṣe ẹyọ kan. Páríìṣì Àgùdà kì í sì í ṣe páríìṣì ti ìjọba: ààlà wọn yàtọ̀, orúkọ wọn pàápàá lè yàtọ̀. Ẹ tún wá orúkọ ìdílé pẹ̀lú O àti Mac níwájú, kí ẹ sì wá a láìsí wọn.

Ní ti àwọn tó ń fi èyí wá ìwé ọmọ-ìlú, òbí àgbà tí wọ́n bí lórí erékùṣù náà ló lè mú yín wọlé. Bàbá tó bí òbí àgbà nìkan kò tó, àyàfi tí òbí yín bá ti forúkọ sílẹ̀ nínú Foreign Births Register (ìwé tí Áyálándì ń kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sókè òkun sí) kí wọ́n tó bí yín. Kí ẹ sì mọ̀ pé àwòrán tí ẹ tẹ̀ jáde láti orí ìkànnì kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ẹ bèèrè èyí tó ní òǹtẹ̀ ní General Register Office, ọ́fíìsì ìjọba tó ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀, tàbí ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ní Belfast fún ẹni tí wọ́n bí ní káúńtì mẹ́fà ti Northern Ireland lẹ́yìn 1921.

Àwa òǹkàwé yín tí ń ṣe ìwádìí ìtàn ìdílé,
Garki, Àbújá.