Nígbà tí o bá dé Ìbàdàn

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ayọ̀ mi kún nígbà tí mo gbọ́ pé ìwọ àtàwọn ọmọ ń bọ̀ lóṣù Kejìlá. O ní níbo lẹ lè lọ, o wá ń dárúkọ àwọn ilé ìtajà. Ilé ìtajà kẹ̀? Ilé eré ni mo fẹ́ mú yín lọ.

Yunifásítì la ó ti bẹ̀rẹ̀, ní Arts Theatre tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè báyìí. Kò tóbi, kíkéré rẹ̀ gan-an ló sì wù mí: bí òṣèré bá mí kanlẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́yìn á gbọ́. Ibẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, àgbà òṣèré orí ìtàgé nì, ti ṣe eré Ọ̀mùtí lọ́dún 1963, Demas Nwoko ló ṣe ọnà ìtàgé fún un. Má gbàgbé orúkọ yẹn o. Òun náà ló ya àwòrán ilé Cultural Centre tó wà lórí òkè Mọ́kọ́lá, òun ló sì kọ́ ibi tó gbà mí lọ́kàn jù ní gbogbo ìlú yìí, New Culture Studio ní Orẹ́mẹ́jì.

Ará Idumuje-Ugboko ní ìpínlẹ̀ Delta ni Nwoko, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló pilẹ̀ iṣẹ́ sí. Ó po yangí mọ́ sìmẹ́ńtì, ó fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Gbangba ìta ni ibi ìṣeré Studio náà, ojú sánmà ni òrùlé. Mo fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oòrùn ti wọ̀, ògiri ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lọ́dún 2023, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà dá Nwoko lọ́lá níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ilé kíkọ́ ní Venice, ní Ítálì, fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa tí mo bi kò mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí gan-an.

A ó gun òkè Mápó pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ rí òpó gàgàrà gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, àmọ́ ìpàdé àti ìnáwó ló pọ̀ níbẹ̀ ju eré lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà síbi tí àwọn òṣèré kan ti ń dánra wò. Bàbá onígángan wọn jókòó sórí àpótí, ó ń fi ìka to ọsán ìlù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fa èyí tó bá dẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀rẹ́ mi kan ń ti òkè òkun bọ̀. Ó ní kí ni oríkì rẹ, mo sọ ọ́ sí i létí. Ó lù ú: dò, dò, mí. Ọmọ kan tó wà nítòsí pariwo pé, “Àdùkẹ́!” Èkejì ní, “Àbẹ̀kẹ́!” Bàbá mi orí, kò dá wọn lóhùn. Ó ní kí o wá fúnra rẹ, òun á lù ú lójú rẹ, òun á sì lu ti bàbá rẹ mọ́ ọn.

Fi oríkì ìdílé yín ránṣẹ́ sí mi kíákíá, kí n lè kọ́ ọ fún un.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́sẹ̀